Ètò kànga epo nínú àpáta ẹfun abẹ́ òkun

Ètò kànga epo nínú àpáta ẹfun abẹ́ òkun ni iṣẹ́ tí àwọn ẹnjiníà àti àwọn onímọ̀ nípa àpáta máa ń ṣe kí wọ́n tó gbẹ́ kànga sí ibi tí epo rọ̀bì wà nínú òkúta ẹfun tí kì í jẹ́ kí epo ṣàn bó ṣe yẹ. Nínú ètò yìí ni wọ́n ti ń pinnu iye kànga tí wọn yóò gbẹ́, ibi tí ẹnu kànga kọ̀ọ̀kan yóò wà, ìhà tí yóò kọjú sí, bí yóò ṣe gùn tó, bí àlàfo àárín kànga kan àti èkejì yóò ṣe fẹ̀ tó, àti èwo nínú wọn ni yóò máa rọ omi sínú àpáta láti ti epo jáde. Lára àwọn ibi tí iṣẹ́ yìí ti lókìkí ni Òkun Àríwá, ní apá tó jẹ́ ti Dẹ́nmáàkì àti ti Nọ́wè, àti etíkun orílẹ̀-èdè Kàtárì.

Nínú àpáta tí ọ̀nà ìṣàn rẹ̀ gbòòrò, epo fúnra rẹ̀ ni ó ń rìn wá bá kànga. Nínú àpáta ẹfun tó dì, kànga ni ó gbọ́dọ̀ rìn lọ bá epo. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo yìí ni orísun gbogbo ìṣòro àti gbogbo ọgbọ́n tí a ó ṣàlàyé nínú àkọlé yìí. Bí ètò bá dára, a lè rí èyí tó pọ̀ nínú epo náà mú jáde. Bí ètò kò bá dára, èyí tó pọ̀ jù yóò wà lábẹ́ òkun títí ayé, nítorí pé kànga tí a ti gbẹ́ kò ṣeé ṣí nípò.

Irú àpáta tí ọ̀rọ̀ kàn

Òkúta ẹfun wà lára àwọn àpáta tí a ń pè ní káábọ́nétì, nítorí pé kálísíọ́mù káábọ́nétì ni èròjà tó pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn ará Ìpínlẹ̀ Ògùn mọ ìbátan rẹ̀ dáadáa, nítorí irú òkúta bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wà ní Ewékorò àti ní Ṣágámù láti fi ṣe sìmẹ́ńtì. Èyí tó wà lábẹ́ Òkun Àríwá funfun, ó sì rọ̀ ju ọ̀pọ̀ òkúta ẹfun mìíràn lọ. Ohun tó di àpáta yìí ni èèpo ara àwọn ewéko inú òkun tó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí wọn. Bí wọ́n ti ń kú ni èèpo wọn ń rọ̀ sí ìsàlẹ̀ òkun, tí ó ń ṣù jọ lórí ara wọn, títí ó fi di àpáta ní ohun tó lé ní 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn.

Ohun méjì ni a gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀ bí a bá ń sọ̀rọ̀ àpáta tó ní epo nínú. Èkíní ni àyè ìpamọ́, ìyẹn ìwọ̀n ihò tó wà nínú àpáta tí epo, omi tàbí gáàsì lè wọ̀ sí. Èkejì ni àyè ìṣàn, ìyẹn bí àwọn ihò náà ṣe sopọ̀ mọ́ra tó, àti bí ọ̀nà àárín wọn ṣe gbòòrò tó, tí ohun olómi fi lè gbà kọjá. Òkúta ẹfun Òkun Àríwá ní èkíní lọ́pọ̀lọpọ̀, ṣùgbọ́n kò ní èkejì. Ní pápá epo Halfdan ti Dẹ́nmáàkì, àyè ìpamọ́ tó ìdá 25 sí 35 nínú 100 àpáta náà. Ó dà bí ilé tó ní yàrá púpọ̀, àmọ́ tí ẹnu ọ̀nà yàrá kọ̀ọ̀kan tóóró bí ojú abẹ́rẹ́. Ẹrù wà nínú ilé náà. Bí a ó ti gbé e jáde ni ọ̀rọ̀.

Onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Henry Darcy, ni ó gbé òfin ìṣàn yìí jáde ní ọdún 1856, lẹ́yìn tí ó ti wo bí omi ṣe ń gba inú iyanrìn kọjá nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí omi ìlú Dijon. Orúkọ rẹ̀ ni a fi ń pe òṣùwọ̀n àyè ìṣàn, tí í ṣe dásì. Ìdá kan nínú 1,000 dásì ni mílídásì. Àpáta iyanrìn tó ní epo nínú ní agbègbè Niger Delta sábà máa ń ní àyè ìṣàn tó tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílídásì, ó sì ń ju 1,000 lọ ní ọ̀pọ̀ ibi. Òkúta ẹfun Halfdan kò ní ju mílídásì ààbọ̀ sí méjì lọ. Bí epo kan náà bá wà nínú àpáta mílídásì kan àti nínú àpáta 1,000 mílídásì, tí agbára tó ń tì í kò sì yàtọ̀, ìṣàn rẹ̀ nínú èkejì yóò jẹ́ ìlọ́po 1,000 ti èkíní.

Àwọn pápá kan wà tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ràn lọ́wọ́. Ní Ekofisk, lábẹ́ omi Nọ́wè, òkúta ẹfun ti sán láti ìgbà pípẹ́, pàlàpálá tó wà nínú rẹ̀ sì di ọ̀nà tí epo ń gbà yára dé ibi kànga. Ní Dan àti Halfdan, irú pàlàpálá àdánidá bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Ìdí nìyí tí a fi lè fi pápá méjèèjì yìí ṣe àpẹẹrẹ ohun tí ètò kànga nìkan lè ṣe.

Ìdí tí kànga olóròó kò fi tó

Ọdún 1971 ni a rí epo ní pápá Dan. Nígbà tí ó di ọdún 1972, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí mú epo jáde, òun sì ni pápá epo àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè Dẹ́nmáàkì lò. Fún ọdún bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kànga olóròó àti kànga tó dagun díẹ̀ ni wọ́n ń gbẹ́ síbẹ̀. Kànga olóròó a máa gba inú àpáta kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nítorí náà, ibi tí ara kànga ti kan àpáta elépo kò lè ju bí àpáta náà ti nípọn tó lọ. Nínú iyanrìn tó ń jẹ́ kí epo ṣàn, èyí kò burú, nítorí epo ọ̀nà jíjìn yóò ṣàn wá. Nínú òkúta ẹfun tó dì, kìkì epo tó wà nítòsí ni yóò wá.

Láti mọ ìdí rẹ̀, a ní láti mọ ohun tó ń lé epo. Epo abẹ́ ilẹ̀ wà lábẹ́ ìtẹ̀, ìyẹn agbára tí ìwúwo ilẹ̀ àti omi fi ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí a bá ṣí kànga, ìtẹ̀ yóò dínkù ní ẹnu ibẹ̀, epo tó wà níbi tí ìtẹ̀ ti ga yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣàn síbi tí ó ti lọ sílẹ̀. Ìdínkù ìtẹ̀ yìí ń tàn kálẹ̀ láti ibi kànga díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí a sọ òkò sínú adágún tí omi sì ń ru lọ sí ẹ̀gbẹ́. Bí àyè ìṣàn bá ṣe kéré tó ni yóò ṣe pẹ́ tó kí ó tó tàn. Ìjìnnà pẹ̀lú ń dá kún un, nítorí bí ìjìnnà bá di ìlọ́po méjì, àkókò tí ìyípadà náà yóò fi dé ibẹ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Epo tó wà ní 360 mítà sí kànga yóò dúró ní ìlọ́po mẹ́rin àkókò tí èyí tó wà ní 180 mítà yóò fi dúró kí ó tó mọ̀ pé kànga kan wà.

Bí ó bá jẹ́ orí ilẹ̀ ni, a lè gbẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ kànga olóròó sún mọ́ra. Lórí òkun, èyí kò ṣeé ṣe. Kànga kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí pèpéle irin tí a rì mọ́ ìsàlẹ̀ òkun, iye ojú ihò tó wà lórí pèpéle kan sì níye. Pèpéle tuntun ń jẹ owó tabua. Nítorí náà, ọ̀ràn tó wà níwájú ẹni tó ń ṣètò ni pé kí kànga díẹ̀ kan àpáta púpọ̀.

Ìdáhùn tí wọ́n rí sí i ni kànga adùbúlẹ̀. Irú kànga yìí a máa sọ̀kalẹ̀ ní òòró láti orí pèpéle, a wá máa tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dùbúlẹ̀ nínú àpáta elépo, a sì máa gba inú rẹ̀ lọ ní ìbú fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún mítà. Ní ọdún 1987 ni ilé-iṣẹ́ Maersk Oil bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ kànga adùbúlẹ̀ ní Dan. Láti ìgbà náà ni kànga adùbúlẹ̀ ti di àṣà níbẹ̀, tí kànga olóròó sì di ohun àtẹ̀yìnwá.

Ìhà, gígùn àti àlàfo

Nígbà tí a bá ti fara mọ́ ọn pé kànga yóò dùbúlẹ̀, ìbéèrè mẹ́ta ni ètò gbọ́dọ̀ dáhùn. Ìhà wo ni kànga yóò kọjú sí? Báwo ni yóò ṣe gùn tó? Báwo ni yóò ṣe jìnnà sí èyí tó tẹ̀ lé e?

Ìhà ṣe pàtàkì nítorí pé ilẹ̀ kì í fún àpáta pọ̀ ní ọgbọọgba láti gbogbo ẹ̀gbẹ́. Bí àpáta bá sán lábẹ́ agbára, pàlàpálá rẹ̀ a máa ya ẹnu sí ìhà tí ìfúnpọ̀ ti kéré jù, a sì máa gùn lọ sí ìhà tí ìfúnpọ̀ ti pọ̀ jù. Nítorí náà, bí a bá gbẹ́ kànga sí ìhà tí ìfúnpọ̀ ti kéré jù, àwọn pàlàpálá tí a bá dá sínú rẹ̀ yóò dábùú kànga náà, bí ìgbà tí a fi ọ̀bẹ gé búrẹ́dì gígùn sí wẹ́wẹ́. Bí a bá gbẹ́ ẹ sí ìhà tí ìfúnpọ̀ ti pọ̀ jù, pàlàpálá yóò tẹ̀ lé gígùn kànga. Méjèèjì ló ní ìwúlò tirẹ̀. Ẹni tó bá gbẹ́ kànga láì mọ èyí tí yóò ṣẹlẹ̀ ni yóò kábàámọ̀.

Gígùn ní ààlà tirẹ̀. Bí kànga bá ṣe gùn sí i ni yóò ṣe kan epo sí i, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni epo tó ti ìpẹ̀kun rẹ̀ wá yóò ṣe máa fi agbára ṣòfò lójú ọ̀nà, nítorí pé ara páìpù ń há a. Ibi tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà á máa mú epo jáde ju ìpẹ̀kun lọ. Páìpù ìgbẹ́lẹ̀ náà a máa fi ara ha ilẹ̀ kànga títí yóò fi dé ibi tí a kò ti lè tì í síwájú mọ́. Irinṣẹ́ àtúnṣe tí a ń fi okùn irin tàbí páìpù tín-ín-rín sọ̀kalẹ̀ kì í sì í dé ìpẹ̀kun kànga tó gùn jù.

Àlàfo ni ibi tí ìmọ̀ àpáta ti pàdé ìmọ̀ owó. Bí àlàfo bá fẹ̀ jù, epo àárín kò ní dé kànga kankan kí pèpéle tó gbó. Bí ó bá há jù, kànga méjì yóò máa du epo kan náà, owó èkejì yóò sì ṣòfò.

Yàtọ̀ sí gbogbo èyí, kànga gbọ́dọ̀ wà nínú ìpele tó dára jù nínú àpáta náà, ìpele yìí sì lè má nípọn púpọ̀. Irinṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ẹnu ìgbẹ́lẹ̀ ń wọn irú àpáta tó wà láyìíká, ó sì ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sókè bí iṣẹ́ ti ń lọ. Ní àwọn pápá òkúta ẹfun Òkun Àríwá, wọ́n tún máa ń gbé awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá lọ sórí ẹ̀rọ ìgbẹ́kànga, kí onímọ̀ lè yẹ ìyẹ̀fun òkúta tó ń jáde wò. Irú èèpo ewéko òkun tó bá rí ni yóò fi mọ sànmánì tí àpáta náà jẹ́, àti bóyá kànga ti gòkè jù tàbí ó ti sọ̀kalẹ̀ jù. Báyìí ni ohun abẹ̀mí tó kú ní àìmọye ọdún sẹ́yìn ṣe ń tọ́ ẹ̀rọ òde òní sọ́nà.

Pàlàpálá àtọwọ́dá àti ásíìdì

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Kànga adùbúlẹ̀ nìkan kò tó nínú àpáta mílídásì kan. A ní láti la ẹnu sí ara àpáta náà kí epo lè ráyè jáde. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń lò.

Ọ̀nà kìíní ni fífi agbára omi sán àpáta. A ó pín kànga sí abala, a ó fi èdìdì dí abala kọ̀ọ̀kan, a ó sì fi ẹ̀rọ ti ohun olómi wọ inú rẹ̀ títí àpáta yóò fi sán. Iyanrìn tí a pò mọ́ ohun olómi náà yóò wọ inú pàlàpálá, yóò sì dúró síbẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ má baà padà pa dé. Irú iṣẹ́ yìí ni wọ́n ṣe ní abala abala lára àwọn kànga adùbúlẹ̀ Dan.

Ọ̀nà kejì ni ásíìdì, ó sì jẹ́ àǹfààní tí òkúta ẹfun ní tí àpáta iyanrìn kò ní. Ásíìdì háídírókílóríkì ń yọ́ kálísíọ́mù káábọ́nétì. Ohun tó ń ṣẹ́ kù ni omi, gáàsì kábọ́nì-dáyọ́ksáídì àti iyọ̀ tó ti yọ́ sínú omi. Bí ásíìdì ti ń wọ inú àpáta, a máa jẹ ihò tóóró tóóró sínú rẹ̀ bí ihò ikán. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé nínú kànga tó gùn, ásíìdì á fẹ́ pa gbogbo agbára rẹ̀ sí ibi tí ó bá kọ́kọ́ kàn. Láti borí èyí, Maersk Oil ṣe irú páìpù kan tí a lu ihò kéékèèké sí lára, tí a kò sì fi sìmẹ́ńtì mọ́ àpáta. Àwọn ihò náà kì í jìnnà síra ní ọgbọọgba: wọ́n ń sún mọ́ra sí i bí a ti ń lọ sí ìpẹ̀kun, kí ásíìdì lè tú jáde ní ìwọ̀n tó yẹ káàkiri gbogbo gígùn kànga. Nípa bẹ́ẹ̀, ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo lè ṣiṣẹ́ lára kànga tí irinṣẹ́ mìíràn kò lè dé ìpẹ̀kun rẹ̀.

Halfdan: omi tó ń tẹ̀ lé ìlà

Epo tó ń jáde nítorí ìtẹ̀ tirẹ̀ kì í pẹ́ rẹ̀. Bí ìtẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀, ohun mìíràn ni ó gbọ́dọ̀ rọ́pò agbára tó lọ, omi òkun ni ó sì rọrùn jù láti rí. Ní Dan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí rọ omi sínú àpáta ní ọdún 1989. Ní Halfdan, tí a rí ní òpin àwọn ọdún 1990 nítòsí Dan, omi wà nínú ètò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn kànga Halfdan jẹ́ ọ̀wọ́ kànga adùbúlẹ̀ gígùn tí wọ́n tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ebè inú oko, nǹkan bíi 180 mítà sì ni àlàfo àárín ebè kan àti èkejì. Ọ̀kan yóò máa mú epo jáde, èyí tó tẹ̀ lé e yóò máa rọ omi sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tò ó káàkiri. Omi tó wọlé láti ara kànga arọmi yóò máa ti epo lọ sọ́dọ̀ kànga amépojáde tó wà ní ọ̀tún àti ní òsì.

Ewu tó wà níbẹ̀ hàn gbangba. Àpáta tó ń há epo mọ́ náà ni yóò há omi mọ́, nítorí náà kànga arọmi kò lè gba omi tó pọ̀ tó àyàfi bí ó bá ní pàlàpálá. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí pàlàpálá náà bá yà kúrò lọ́nà, tí ó sì gùn lọ dé ibi kànga amépojáde, omi yóò gba ọ̀nà àbùjá yìí kọjá, yóò sì fi epo sílẹ̀ sínú àpáta. Kànga tí owó ńlá ti wọlé fún yóò wá máa pọn omi òkun sókè.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni láti lo ìtẹ̀ fúnra rẹ̀ láti yí ìfúnpọ̀ inú àpáta padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo kànga ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kó mú epo jáde. Lẹ́yìn náà, wọ́n yí ọ̀kan nínú méjì padà sí kànga arọmi, ṣùgbọ́n wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí rọ omi, ní ìwọ̀n tí kò tó láti sán àpáta. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ìtẹ̀ ń ga sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kànga arọmi, ó sì ń lọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà àwọn kànga amépojáde. Ìyàtọ̀ yìí a máa yí ìhà ìfúnpọ̀ padà ní àyíká ibẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí àpáta yóò bá sán, gígùn kànga arọmi ni yóò tẹ̀ lé. Ìgbà náà ni wọ́n tó fi kún agbára omi, tí pàlàpálá sì gùn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga náà bí ògiri tóóró. Láti ara ògiri yìí ni omi ti ń jáde ní ìlà gígùn kan, tí ó sì ń gbá epo lọ síwájú bí ìgbálẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tó bá fi agbára rọ omi láti ọjọ́ kìíní yóò sán àpáta kí ó tó tọ́ ọ sọ́nà.

Al Shaheen: pèpéle díẹ̀, ọ̀nà jíjìn

Ní etíkun Kàtárì, ìṣòro náà gba àwọ̀ mìíràn. Láti àwọn ọdún 1970 ni a ti mọ̀ pé epo wà ní Al Shaheen, ṣùgbọ́n àwọn ìpele òkúta ẹfun tó gbà á sínú fẹ́lẹ́, wọ́n tẹ́ lọ jìnnà, àyè ìṣàn wọn sì kéré. Fún ìgbà pípẹ́ ni a kà á sí epo tí kò lè mú èrè wá. Ní ọdún 1992, Maersk Oil fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ epo ìjọba Kàtárì, ó sì mú ìrírí tó ti ní lórí òkúta ẹfun Dẹ́nmáàkì lọ síbẹ̀. Ní ọdún 1994 ni epo bẹ̀rẹ̀ sí jáde.

Níbẹ̀, gígùn ni idà tí wọ́n fi jà. Ní ọdún 2008, wọ́n gbẹ́ kànga kan tí a ń pè ní BD-04A. Gbogbo gígùn rẹ̀ jẹ́ 12,289 mítà, abala tó dùbúlẹ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ 10,902 mítà. Kò sí kànga epo tó gùn tó o nígbà náà, ọjọ́ 36 péré sì ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Ẹni tó bá mọ Èkó lè fojú inú wo Afárá Third Mainland, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 11.8 kìlómítà: abala adùbúlẹ̀ kànga yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o, inú àpáta lábẹ́ òkun ni gbogbo rẹ̀ sì wà. Àǹfààní rẹ̀ ni pé pèpéle kan lè dé ibi tí ì bá gba ọ̀pọ̀ pèpéle. Ní ọdún 2017, ilé-iṣẹ́ North Oil Company, tí ìjọba Kàtárì àti Total jọ ní, gba ìṣàkóso pápá náà.

Ekofisk: nígbà tí ilẹ̀ bá rì

Epo tí a bá mú kúrò kì í fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ láìsí ìyọnu. Òkúta ẹfun tó ní àyè ìpamọ́ púpọ̀ kò lágbára. Ìtẹ̀ epo inú rẹ̀ wà lára ohun tó ń bá a gbé ìwúwo ilẹ̀ orí rẹ̀. Bí ìtẹ̀ yìí bá lọ sílẹ̀, àpáta yóò fún pọ̀, ilẹ̀ òkè rẹ̀ yóò sì rì.

A rí Ekofisk ní ọdún 1969, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí mú epo jáde ní ọdún 1971. Ní ọdún 1984, wọ́n ṣàkíyèsí pé ìsàlẹ̀ òkun ti rì níbẹ̀, àwọn pèpéle sì ti sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rù fi ń bani pé ìgbì ńlá lè gba orí wọn kọjá. Ní ọdún 1987, wọ́n fi jáàkì gbé àwọn pèpéle náà sókè ní mítà mẹ́fà. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí rọ omi sínú àpáta lọ́nà tó gbòòrò. Omi dá ìtẹ̀ padà, ó sì mú epo púpọ̀ jáde, ṣùgbọ́n a tún rí i pé omi òkun fúnra rẹ̀ ń sọ òkúta ẹfun di aláìlágbára, nítorí náà rírì náà kò dáwọ́ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí àpáta ti ń fún pọ̀, páìpù irin inú àwọn kànga kan tẹ̀, òmíràn sì ṣẹ́.

Ẹ̀kọ́ Ekofisk wà nínú ètò gbogbo pápá òkúta ẹfun lónìí. Ẹni tó ń ṣètò gbọ́dọ̀ ṣírò bí ilẹ̀ yóò ṣe rì tó kí a tó pinnu gíga pèpéle, kí ó sì yan páìpù tó lè fara da ìfúnpọ̀. Síbẹ̀, Ekofisk tún fi hàn bí èrè ètò rere ti tó. Ní ìbẹ̀rẹ̀, nǹkan bíi ìdá 17 nínú 100 epo tó wà níbẹ̀ ni wọ́n rò pé yóò ṣeé mú jáde. Lónìí, ìfojúsọ́nà náà ti tó nǹkan bíi ìdá 50.

Owó àti àìdánilójú

Kò sí ẹni tó rí inú àpáta tó wà ní ẹgbẹ̀rún méjì mítà nísàlẹ̀. Ohun tí àwọn ẹnjiníà ní ni àwòrán tí a fi ìró yà láti orí òkun, ìwọ̀n díẹ̀ láti inú kànga díẹ̀, àti àwòṣe orí kọ̀ǹpútà. Nítorí náà, wọn kì í ṣe àwòṣe kan ṣoṣo. Wọ́n a máa ṣe púpọ̀, kí wọ́n lè wò ó bóyá ètò kan náà yóò ṣì mú èrè wá bí àyè ìṣàn bá kéré ju bí wọ́n ti rò lọ, tàbí bí omi bá tètè dé. Ètò tó dára kọ́ ni èyí tó mú èrè tó pọ̀ jù wá bí ohun gbogbo bá lọ déédéé, bí kò ṣe èyí tí kò ní wó bí àbá kan bá kùnà.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ ní ìpele ìpele. Àwọn kànga àkọ́kọ́ ń mú epo wá, wọ́n sì ń mú ìmọ̀ wá pẹ̀lú. Ohun tí a bá kọ́ lára wọn ni a fi ń tún àlàfo àti ìhà àwọn tó kù ṣe. Ṣùgbọ́n ìdúró pẹ̀lú ní iye owó tirẹ̀, nítorí pé owó tó wọlé lónìí sàn ju iye kan náà tó wọlé ní ọdún mẹ́wàá sí i lọ, pèpéle sì ń gbó bóyá kànga ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe kan Nàìjíríà

Láti ìgbà tí a ti rí epo tó ṣeé tà ní Oloibiri ní ọdún 1956, inú àpáta iyanrìn ni èyí tó pọ̀ jù nínú epo Nàìjíríà ti ń wá. Fún ìdí èyí, Nàìjíríà kò tíì ní ìdí láti to kànga bí ti Halfdan. Síbẹ̀, wọ́n ń gbẹ́ kànga adùbúlẹ̀ ní Niger Delta pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìdí tí wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ yàtọ̀. Ní àwọn ibi tí epo ti fẹ́lẹ́ láàárín gáàsì tó wà lókè àti omi tó wà nísàlẹ̀, kànga olóròó yóò tètè fa ọ̀kan nínú méjèèjì wọlé. Kànga adùbúlẹ̀ lè gba àárín epo lọ láì sún mọ́ èyíkéyìí. Irinṣẹ́ kan náà ni, iṣẹ́ méjì ni ó ń ṣe.

Èyí ni ó jẹ́ kí ìtàn òkúta ẹfun wúlò fún ẹni tó ń kọ́ nípa epo níbikíbi. Iye epo tó wà lábẹ́ ilẹ̀ kọ́ ni iye epo tí orílẹ̀-èdè kan ní láti tà. Láàárín méjèèjì ni àpáta wà, pẹ̀lú àwọn kànga tí a ti yan ìhà, gígùn àti àlàfo wọn kí a tó gbẹ́ èyí àkọ́kọ́.